Kì í Ṣe Ọ̀lẹ, Ẹ Lọ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Wò

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin kóòṣì la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó kọ “Àmín.”

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wa, ọmọ ọdún 16, eré ọ̀nà jíjìn ló ń sá. Ó máa ń sá 5,000 mítà bí ẹni ń ṣeré. Ṣàdédé ló bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ wúwo, èémí ò tó, ojú ń ṣú u. Kóòṣì ní ọ̀lẹ ni, ó bá fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Ará ilé ní wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóru. Ìyá rẹ̀ fún un ní ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ló mú un wá fún ìdáǹdè.

A gbàdúrà. A sì ní kí wọ́n lọ ṣe test. PCV ò burú, àwọn kan ti fẹ́ máa yọ̀. Àmọ́ dókítà ní kí wọ́n yẹ ferritin wò, ìyẹn irin tí ara tọ́jú pamọ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán! Omi ṣì lè máa dà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí tánkì ti ń gbẹ lókè, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí ò lọ sí ìpàdé kankan o. Ó ń ṣe nǹkan oṣù, ó ń dàgbà, irin ń bá òógùn jáde, bí ẹsẹ̀ ṣe ń gbá títì sì ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa díẹ̀díẹ̀. Ẹ wá fi ibà àti aràn inú kún un. Irin yìí ni ara fi ń ṣe èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ sí iṣan. Bí kò bá sí, kí ló fẹ́ fi sáré?

Nítorí náà, kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ máa ní kó sáré tagbáratagbára, kó sinmi díẹ̀, kó tún sá, títí yóò fi ṣubú. Ẹ dín in kù. Kó máa sá èyí tó lè máa fi sọ̀rọ̀ lọ, kó sì sùn dáadáa. Bí PCV gan-an bá ti wálẹ̀, dókítà ni yóò sọ ìgbà tó lè padà sórí pápá. Ìdíje inter-house kan ò tó ohun tí a ń pa ọmọ sí.

Ní ti oúnjẹ: ẹ̀dọ̀, ẹran pupa, ẹja. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ náà dára, ṣùgbọ́n irin inú wọn kì í tètè wọ ara, ẹ fún un ní ọsàn tẹ̀ lé e. Tíì àti kọfí, kó jìnnà sí oúnjẹ. Ẹ̀yin ìyá oní-malt-àti-mílíìkì, a mọ̀ yín! Mílíìkì yẹn gan-an máa ń dí irin lọ́wọ́.

Oògùn irin ńkọ́? Ẹ má kàn lọ rà á ní kẹ́mísìtì. Irin tó pọ̀ jù ń ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́, pàápàá àwọn ọmọ sickle cell tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bí dókítà bá kọ ọ́, kó lò ó láàárọ̀, kó tó sáré tàbí kété tó bá parí, torí fún wákàtí bíi mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn eré líle, ara máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ irin. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè dúdú, ẹ má pariwo.

Ààwẹ̀ gbígbẹ fún ọmọ tí irin ara rẹ̀ ti tán? Àwa ò fọwọ́ sí i. Kó jẹun, kó gbàdúrà.

Ó máa ń gba bí oṣù mẹ́ta kí tánkì tó kún padà, kí wọ́n tún test ṣe nígbà náà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sáré, tó sì ń rí irú àmì yìí, kó rí àwọn nọ́ọ̀sì wa lẹ́yìn ìsìn lọ́la. Wọn á sọ ohun tí ẹ máa bi dókítà.