Asọ̀rọ̀mágbèsì Tí Ó Ń Gbèsì

Àwọn tí wọ́n sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Àpótí tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà so mọ́ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó ní ọdún 1935 kì í gba èsì, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe é yí kúrò níbi tí ó wà. Ohun tí ó bá gba inú wáyà wá nìkan ni onílé lè gbọ́. Bí kò bá fẹ́ ẹ, kí ó pa á. Ìgbà tí rédíò oníbátìrì dé ni olùgbọ́ tó di ọ̀gá ara rẹ̀. Ibùdó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lójú rédíò, a sì ń kéde nọ́ńbà náà fún tolórí tẹlẹ́mù. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ ọ́n kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́: yóò yí rédíò rẹ̀ síbẹ̀, yóò sì máa gbọ́.

Ẹjọ́ tí mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé mi ni pé wọ́n ti ń fi ọgbọ́n gba nọ́ńbà yẹn padà lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ibùdó tí ń gbé ohùn wọn gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ sọ àdírẹ́sì tí ohùn náà ń gbà jáde. Áàpù ni wọ́n ń ní kí á lọ gbà. Mo gba ti ibùdó kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Kí ó tó jẹ́ kí n gbọ́ ìkíni àárọ̀ lásán, ó ti béèrè ibi tí mo wà, ó béèrè ímeèlì mi, ó sì fẹ́ wo orúkọ gbogbo ẹni tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù mi. Kí ni rédíò fẹ́ fi nọ́ńbà àna mi ṣe? Asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gbèsì báyìí, a kò sì mọ ìgbà tí a dá a lóhùn. Kì í ṣe ti àwọn ibùdó kéékèèké nìkan. Ní ọdún 2019, BBC yọ ọ̀pọ̀ ibùdó rẹ̀ kúrò lórí TuneIn fún àwọn olùgbọ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn nípa ìṣesí àwọn olùgbọ́ ni ó dá ìjà náà sílẹ̀, kì í ṣe ohùn.

Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ yìí kò ju ìlà ọ̀rọ̀ kan lọ. Bí a bá bó gbogbo àwòrán àti ìpolówó kúrò lára rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni yóò kù. Ẹni tí ó bá ń lo Linux, ètò kọ̀ǹpútà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki ní ọdún 1991 tí ó sì di ohun ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé, lè ṣí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí. Bí ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ mpv bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, yóò tẹ lẹ́tà mẹ́ta náà, mpv, yóò fi àlàfo sílẹ̀, yóò tẹ àdírẹ́sì ibùdó tẹ̀ lé e, yóò sì tẹ Enter. Ohùn dé nìyẹn. Bí ó bá tẹ 9, ohùn á rẹlẹ̀; bí ó bá tẹ 0, á gòkè; q ni yóò fi pa á. Kò sí ẹni tí yóò bi í ní orúkọ àna rẹ̀.

Ẹ tún wo ti owó. Ibùdó tí ó ń rán kílóbíìtì 64 jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò jẹ nǹkan bí MB 29 ní wákàtí kan, ohùn nìkan sì ni ẹ fi sanwó fún. Fídíò tí ń polówó ọṣẹ nínú áàpù, dátà olùgbọ́ ni ó ń jẹ, ní orílẹ̀-èdè tí àjọ NCC ti gbà ní oṣù Kìíní ọdún 2025 kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi iye tí ó tó 50% lé owó wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi yóò wí. Wọ́n á ní iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni ojú dúdú, pé ta ni yóò máa tẹ ọ̀rọ̀ nígbà tí ó lè fi ìka kan àwòrán. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tí ń fi ọ̀rọ̀ jẹun ni ó ń sọ èyí. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì pé bí a bá ṣi ohùn kan pè nínú ọfọ̀, kò ní jẹ́, àwa náà ni ìlà àṣẹ kan wá ń bà lẹ́rù! Ìlà náà kò tilẹ̀ gùn títí láé. Linux gbà kí á fún àṣẹ gígùn ní orúkọ kúkúrú tí ó wù wá, ní èdè tí ó wù wá. Mo sọ tèmi kan ní ibadan. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, Ìbàdàn á dáhùn. (N kò fi àmì sí i lórí, kì í sì í ṣe àìmọ̀kọ. Ọ̀nà tí a lè gbà tẹ lẹ́tà tí ó ní àmì lórí àti ẹ̀sẹ̀ nísàlẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ojú wa rí wọn bákan náà, kọ̀ǹpútà ń kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn.) Àwọn tí kò fojú ríran kò sì bá wa pe ojú dúdú ní ohun àtijọ́. Ètò bí BRLTTY ń gbé ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ sí abẹ́ ìka wọn, nígbà tí áàpù tí ó kún fún àwòrán tí a kò sọ lórúkọ jẹ́ ògiri lásán fún wọn. Àwọn tí etí wọn ń ṣiṣẹ́ jù ni rédíò ń ti ìlẹ̀kùn mọ́!

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí wọ egungun ni ti ìpamọ́. Ohùn àwọn oníjàálá tí a gbọ́ tí a sì dà kọ ni iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá tí ó jáde ní ọdún 1966 dúró lé. Lónìí, orí rédíò ni ọ̀pọ̀ akéwì ti ń la ẹnu. Wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kì í sì í kéwì kan náà lẹ́ẹ̀mejì bákan náà. Bí ètò bá ti parí, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní àdírẹ́sì ibùdó lè tẹ

ffmpeg -i àdírẹ́sì -t 1800 -c copy ewi.mp3

kí ó sì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ewì lọ́wọ́, bí akéwì ṣe ké e gan-an, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ mp3 ni ibùdó náà ń lò. Ó lè ní kí ètò tí ń jẹ́ cron máa bá a ṣe é ní gbogbo alẹ́ Sátidé, ì báà sùn. Ọdún mẹ́ta irú èyí tó ìwé àpilẹ̀kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé. Áàpù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ akéwì wà lórí iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé e lọ sí ọjà. Ti ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni mò ń wí. Ẹni tí ó fi kọ́kọ́rọ́ ti etí olùgbọ́ kì í sábà bá akéwì pa nǹkan mọ́.

Àwọn ọ̀gá ibùdó á ní àwọn gbọ́dọ̀ ka iye olùgbọ́ fún àwọn tí ń polówó ọjà. Ó dára. Icecast, tí ọ̀pọ̀ ibùdó fi ń gbé ohùn jáde, ń ka iye àwọn tí ń gbọ́ lọ́wọ́ láìbéèrè orúkọ ẹnì kankan. Bí ó bá jẹ́ iye ni wọ́n ń wá, iye wà níbẹ̀.

Àwíjàre kan wà tí mo gbà fún wọn: àdírẹ́sì máa ń kú. Bí ibùdó bá kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ìlà tí a ti kọ sílẹ̀ kò wúlò mọ́. BBC gan-an pa ọ̀nà WMA rẹ̀ ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ rédíò íntánẹ́ẹ̀tì tí a ti fi owó rà sì yadi. Ṣùgbọ́n òògùn rẹ̀ wà. Kí ibùdó ní àdírẹ́sì kan lábẹ́ orúkọ ara rẹ̀, tí yóò máa darí wa sí ibikíbi tí ohùn bá wà lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan ni fún ẹni tí ń tọ́jú ojú òpó wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sí iwájú ojú òpó náà. Bí wọ́n sì ti ń kéde nọ́ńbà FM wọn ní orí wákàtí, kí wọ́n kéde èyí tẹ̀ lé e, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Peckham tàbí Houston rí àyè mú gègé kọ ọ́.