Ta Ni Yóò Ṣírò Òjò Orégùn?
Kò sí ará Orégùn tí kò mọ ohun tí ojú ń rí lọ́wọ́ àgbàrá òjò. Ní 2002 ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ESMF, ètò kọ̀ǹpútà tí ń so ìṣirò afẹ́fẹ́, òkun àti ilẹ̀ pọ̀. Igi kan kò kúkú lè dá igbó ṣe. Ọ̀fẹ́ ni ètò náà. Ṣùgbọ́n ìṣirò gbogbo ayé sábà máa ń ka ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó 100 kìlómítà sí ojú kan ṣoṣo: Orégùn, Ìkẹjà àti Agége a di ọ̀kan náà. Àwa ni yóò ṣírò tiwa. Kí ìjọba fún Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Àkúrẹ́, tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ojú ọjọ́, ní kọ̀ǹpútà ńlá. Kí ẹ̀yin olùkọ́ máa wọn òjò, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣirò tí kò ní àkọsílẹ̀, àbá lásán ni.