Kí Ìwé Ìlera Ọpọlọ Ẹgbẹ́ Wa Di Ọ̀fẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa yóò gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, ó sì yẹ kí olúkúlùkù ti rò ó dáadáa kí ọjọ́ náà tó pé. Ìwé pélébé tí ẹgbẹ́ wa ń tẹ̀ jáde lórí ìlera ọpọlọ, ṣé kí a máa tà á bí a ti ń tà á, kí owó rẹ̀ lè ran àwọn iṣẹ́ tuntun tí a ń pète lọ́wọ́, tàbí kí a máa fi ta gbogbo ènìyàn lọ́rẹ? Èrò tèmi ni pé kí a fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìsinsìnyí lọ, kí a má sì dúró de ọjọ́ tí àwọn iṣẹ́ tuntun náà yóò parí.

Owó ìwé náà kò pọ̀. Kò tó owó búrẹ́dì kan. Kì í ṣe owó ni ó ń dá ènìyàn dúró, ìtìjú ni. Ta ni yóò na ọwọ́ sí ìwé tí a kọ àìsàn ọpọlọ sí lára, níwájú akọ̀wé àti akápò, níwájú àna rẹ̀, níwájú ẹni tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà? Bí ó bá rà á tán, wọn yóò máa bi ara wọn léèrè pé, "Ta ni ó ń ṣe nínú ilé rẹ̀?" Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó ń rà á láti fi ti ẹgbẹ́ lẹ́yìn, ẹni tí ó nílò rẹ̀ a sì gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í sínú ìwé ìròyìn yìí, tí ó ń dé ọwọ́ gbogbo wa, kò sí ẹni tí yóò mọ ẹni tí ó kà á nítorí ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó kà á nítorí pé kò rí nǹkan mìíràn kà.

Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n a ti sọ ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé ilé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni àìsàn yìí wà. Ní ọdún 2006, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde, tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ 21 ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé nínú àgbàlagbà 100, nǹkan bí 12 ni àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn ti bá jà rí láyé wọn. Nínú àwọn tí ó sì bá jà láàárín ọdún kan, nǹkan bí 8 péré nínú 100 ni ó rí ìtọ́jú gbà. Ẹ ka iye ènìyàn tí ó jókòó ní ìpàdé tí ó kọjá, kí ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín.

Kì í ṣe ẹni tí ó tú sí ọjà nìkan ni àìsàn ọpọlọ ń ṣe. Abiyamọ tí ó ń sọ̀rọ̀ sódì, tí kò sì lè sùn, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ó bímọ, àbísínwín lè ti dé sí i lára. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí a má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ọmọ. Ọkùnrin tí oúnjẹ kò wù jẹ mọ́, tí iṣẹ́ kò wù ú ṣe, tí oorun dá lójú rẹ̀, tí ó sì ń rò pé ikú yá ju ayé lọ, tí èyí sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Wárápá kì í ṣe wèrè rárá, itọ́ rẹ̀ kì í ranni. Bí oògùn bá dé ọwọ́ àwọn tí ó ní in, tí wọ́n sì ń lò ó déédéé, mẹ́je nínú mẹ́wàá wọn lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì. Irú ẹ̀kọ́ yìí ni ó wà nínú ìwé náà. Ṣé irú rẹ̀ ni ó yẹ kí a tì mọ́ inú àpótí akápò?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju àwọn ará ilé lọ. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kan ní Arò, ní Abẹ́òkúta, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú yàrá. Inú àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká ni ó fi wọ́n sí, ẹbí wọn kan sì ní láti bá wọn gbé, kí ó máa dáná fún wọn, kí ó sì máa mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Ẹbí jẹ́ apá kan nínú oògùn náà. Ẹ̀yin ará, níbo ni ẹbí tiwa wà? Ọ̀fà ni ó wà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó wà, Ìwó ni ó wà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní 1911 ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ní Sábóngàrí, aládùúgbò àti ẹgbẹ́ ìlú ni ẹbí ẹni. Àwa tí ó ń gbé Kàdúná ní 2000, àti àwa tí ó wà ní Jọs ní 2001, a mọ̀ pé ilé tí ó jóná ṣe é tún kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó wọ ọkàn lọ́jọ́ náà kì í tètè jáde. Bí ẹgbẹ́ kò bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ta ni yóò bá a sọ ọ́?

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Wọ́n ní ohun ọ̀fẹ́ kì í níyì lójú ènìyàn. Irú rẹ̀ ni àwọn kan sọ nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní oṣù kìíní 1955. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ní 450,000 ní 1954. Ní 1955 wọ́n lé ní 800,000. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó jẹ àǹfààní náà ni wọ́n. Àwọn mìíràn ní láti ọjọ́ aláyé ni a ti ń ta ìwé, pé *Ìwé Ìròyìn* tí Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 pàápàá, owó ẹyọ ni wọ́n fi ń rà á. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ti Townsend ń fi yangàn pé òun mọ̀wé ni. Ẹni tí ó ra tiwa ń bẹ̀rù pé kí ẹnikẹ́ni má rí òun. Ọjà méjèèjì kò dọ́gba.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti àwọn tí ó ní, "Bí a bá fi í ṣe ọ̀fẹ́, kí ni a óò fi ṣe iṣẹ́ tuntun?" Mo bọ̀wọ̀ fún ìbéèrè yìí, nítorí gbọ̀ngàn kò ṣe é fi adúrà kọ́. Ṣùgbọ́n owó tí ìwé náà ń mú wá kò tó ohun tí a fi ń gbé ilé ró. Owó títẹ̀ rẹ̀ ni a níláti wá, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jìnnà: ẹni tí ó bá ṣe ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, kí ó san owó títẹ̀ ẹ̀dà kan dípò apá kan nínú ohun tí ì bá fi ra ọtí. Kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé, pé òun ni ó ṣe é lóore.

Ní ti àwọn iṣẹ́ tuntun, mo dábàá mẹ́ta. Èkíní, kí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ máa bá ìpàdé sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Èkejì, kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àti oògùn ẹni tí ó bá ní láti lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ, ìbáà ṣe ti Barnawa ní Kàdúná, ti Dawanau ní Kánò, tàbí ti Kware ní ẹ̀bá Sókótó. Ọ̀pọ̀ ni ó ń bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kì í lè rà á títí dópin. Ẹ̀kẹta, kí a tẹ ìwé náà ní èdè Haúsá pẹ̀lú, nítorí àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, òun ni ó yá wọn lẹ́nu, àwọn tí ó gbà wá lálejò náà yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: ìwé ọ̀fẹ́ ni yóò sọ fún àwọn ènìyàn pé iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Òun ni ìpìlẹ̀ wọn, kì í ṣe ọ̀tá wọn.

Ìjọba pàápàá ti ṣí lójú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ, tí ó rọ́pò òfin wèrè ti 1958, tí kò sì fàyè gba kí a fi irú àìsàn yìí lé ènìyàn kúrò níbi iṣẹ́ tàbí nínú ilé. Ṣùgbọ́n òfin kì í wọ inú yàrá lọ kí àwọn ènìyàn. Aládùúgbò ni ó ń ṣe é. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Bí ìpàdé bá pé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ na ọwọ́ sókè pé kí ìwé náà di ọ̀fẹ́. Kí Olódùmarè má fi ọpọlọ ẹnikẹ́ni nínú wa dán wa wò. Bí ìdánwò bá sì dé, kí ó bá wa nínú agbo ẹgbẹ́. Àmín.