Sọ́fítíwíà àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà tuntun: Kí oníṣòwò má tíì ju ti àtijọ́ nù o

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ṣe rí nìyẹn báyìí, àwọn tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo ìwé owó wọn sí: ọjà tó wọlé, ọjà tó jáde, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n àti èyí tí àwọn náà jẹ. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú, ṣọ́ọ̀bù náà dákú nìyẹn.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni pé ní ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, iléeṣẹ́ Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn gbogbogbòò tó ń ṣe fún Windows 10. Ti Windows 7 ti kásẹ̀ nílẹ̀ ṣáájú, láti ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni kò sì lè gba Windows 11 bó ṣe yẹ, nítorí pé ó ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tí kò sí lára wọn. Bí oníṣòwò bá ti wá ń ronú àtira kọ̀ǹpútà tuntun, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí sọ́fítíwíà ìṣirò owó tó ti ń lò láti bí ọdún mẹ́wàá?

Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀ńjíníà kọ̀ǹpútà ti máa ń mẹ́nu ba virtual machine. Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ni. Ó dà bí ẹni tó kọ́lé ńlá, tó wá ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ìyá àgbà tó mú wá láti abúlé, pẹ̀lú ibùsùn rẹ̀, àpótí rẹ̀ àti ìkòkò rẹ̀, kí ìyá náà lè máa ṣe bó ṣe ń ṣe nílé. Windows àtijọ́ ni ìyá àgbà, kọ̀ǹpútà tuntun ni ilé ńlá. Owó kọ́ sì ni ìṣòro ibẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni VirtualBox ti iléeṣẹ́ Oracle, àfi àfikún rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Extension Pack ló ń béèrè láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ oníṣòwò. VMware Workstation Pro náà ti di ọ̀fẹ́ fún àwọn tó ń fi ṣòwò láti oṣù kọkànlá, ọdún 2024. Hyper-V sì wà nínú Windows 11 Pro láìsí pé èèyàn tún sanwó lé e.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n á kó ẹrù dé yàrá tuntun tán, wọ́n á fẹ́ fi sọ́fítíwíà náà sí i, ojú kọ̀ǹpútà á kàn kọ ọ́ síta pé kò ṣeé ṣe. Àwọn oníbàárà ti tò sẹ́nu káńtà, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ti ń fi bírò kọ rìsíìtì, ẹ̀ńjíníà á wá yíjú sí olówó pé, "Mọ̀mí, sọ́fítíwíà yìí ti bàjẹ́ o, àfi kẹ́ ẹ ra tuntun." Mọ̀mí á sì sanwó, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Sọ́fítíwíà kò bàjẹ́, ilé tó bá ara rẹ̀ ni kò dá mọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ló máa ń fi àmì ara kọ̀ǹpútà dá ibi tó wà mọ̀, bíi nọ́ńbà díìsìkì, àmì káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ti mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá ti gbé e sínú virtual machine, gbogbo àmì yìí ti yí padà, sọ́fítíwíà á sì rò pé wọ́n jí òun gbé ni. Windows tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé tí wọ́n ti ṣe é náà sábà máa ń so mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn nìkan. Oògùn rẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ tú láísẹ́ǹsì náà sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kí wọ́n tó kó kúrò, tàbí kí wọ́n kàn sí ẹni tó ta sọ́fítíwíà náà fún kọ́kọ́rọ́ tuntun. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ kékeré ojú USB ni wọ́n fi ń ṣí i. Bí wọn kò bá so USB yẹn mọ́ virtual machine náà gan-an, kò ní rí i, ì báà jẹ́ pé ó wà lára kọ̀ǹpútà ńlá.

Èkejì ni ìpìlẹ̀ tí kò sí. Sọ́fítíwíà àtijọ́ kì í dá dúró, ó ní àwọn tó ń gbé e ró. Bí nọ́ńbà 0x800F081F bá jáde nígbà tí wọ́n ń fi .NET Framework 3.5 sí i, ohun tó ń sọ ni pé Windows kò rí ibi tí yóò ti kó ohun tó nílò, kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé sọ́fítíwíà ayé ọjọ́un tó jẹ́ 16-bit ni, Windows 64-bit kò ní gbà á láéláé. Àfi kí wọ́n fi Windows 32-bit sínú virtual machine náà.

Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà 1603, tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná. Nọ́ńbà yìí dà bí ara gbígbóná. Ara gbígbóná kì í ṣe orúkọ àìsàn, ibà lè fà á, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ lè fà á. Dókítà tó bá kan abẹ́rẹ́ lu aláìsàn láì ṣe àyẹ̀wò, oníjìbìtì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀ńjíníà tó bá rí 1603 tó sì ní kí wọ́n ra tuntun. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú ṣòkòtò ló wà. Windows fúnra rẹ̀ lè kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n bá fi àṣẹ msiexec /i, orúkọ fáìlì náà, àti /l*v pẹ̀lú orúkọ ìwé tí yóò kọ ọ́ sí ṣiṣẹ́. Kí wọ́n wá "return value 3" nínú ìwé yẹn, ìlà tó wà lókè rẹ̀ ló sábà máa ń tú àṣírí.

Ẹ̀kẹrin, tí Windows bá kọ̀ láti jí, tó kàn ń gbé ojú búlúù pẹ̀lú nọ́ńbà 0x7B jáde, ọ̀nà tó ń gbà dé ibi díìsìkì rẹ̀ ló ti yí padà. Yíyí ètò díìsìkì virtual machine náà láti SATA sí IDE, tàbí láti IDE sí SATA, sábà máa ń yanjú rẹ̀. Bí virtual machine 64-bit kò bá sì ṣí rárá, kí wọ́n lọ wò ó nínú BIOS bóyá wọ́n ti tan VT-x tàbí AMD-V.

Gbogbo èyí ni ẹ̀ńjíníà tó mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀ńjíníà nìkan. Àwọn náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, òótọ́ sì wà níbẹ̀: oníṣòwò kò mọ ibi tí síídì rẹ̀ wà, kò ní rìsíìtì tó fi ra láísẹ́ǹsì, ẹ̀dà ayédèrú ni ẹlòmíràn ń lò, wọ́n á tún dúnàá dúràá títí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta á fi di ti wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fi owó ẹ̀wà se ìrẹsì jíjẹ ọdún kò yẹ kó bínú bí oúnjẹ kò bá tó.

Síbẹ̀, oníṣòwò ni àdánù náà máa ń já lé lórí. Ẹ̀ńjíníà á gba iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ kejì. Oníṣòwò tó pàdánù ìwé gbèsè ọdún mẹ́ta kò ní rí i gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin CAMA ti ọdún 2020 pàápàá ní kí kọ́ńpìnnì tó bá forúkọ sílẹ̀ tọ́jú ìwé ìṣirò owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà. "Kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́" kò sí lára àwáwí tí òfin náà là sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ó di àṣà láàárín àwọn oníṣòwò kò le rárá. Kí wọ́n pín owó iṣẹ́ sí méjì, kí wọ́n san ìdajì tó kù lẹ́yìn tí sọ́fítíwíà bá ti ṣí ìwé ọdún tó kọjá, tó ti tẹ rìsíìtì kan jáde, tí iye owó tó wà níbẹ̀ sì bá ti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ mu. Kí gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà àti kọ́kọ́rọ́ láísẹ́ǹsì wà nínú ìwé lọ́wọ́ olówó, kó má wà nínú orí ẹ̀ńjíníà nìkan. Kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wà nílẹ̀ fún odidi oṣù kan, títí wọn yóò fi parí ìṣirò ìparí oṣù lórí tuntun. Inú ọ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n sì máa kọ ọjà sí, kí ìwé méjì má baà ta ko ara wọn.

Ohun méjì mìíràn tún wà tí kò yẹ kí wọ́n gbàgbé. Windows tí kò ní àtìlẹ́yìn mọ́ kò ní ohun í ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà bó bá wà nínú virtual machine, nítorí náà kí wọ́n já a kúrò níbẹ̀. Èkejì ni pé fáìlì ńlá lásán ni virtual machine. Bí iná bá lọ lójijì, ó lè bàjẹ́, bí díìsìkì bá sì kú, òun náà kú. Snapshot tí wọ́n ń yà sórí díìsìkì kan náà kì í ṣe ìpamọ́. Díìsìkì tí wọ́n yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà, tí wọ́n gbé lọ sílé, ni ìpamọ́.

Kì í sì ṣe gbogbo oníṣòwò ló nílò virtual machine. Bí ẹni tó ṣe sọ́fítíwíà náà bá ti ní ti tuntun tó lè ka ìwé àtijọ́, kí wọ́n lọ síbẹ̀ tààrà. Bí kọ̀ǹpútà tuntun bá sì ní RAM 4GB péré, tó jẹ́ pé Windows 11 nìkan ti ń béèrè 4GB ó kéré tán, ìyá àgbà kò ní rí ibi na ẹsẹ̀ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ kó ilé máa ń lọ wo ibi tó ń lọ, á wo òrùlé, á wo kànga, kó tó dá kọ́kọ́rọ́ ilé àtijọ́ padà fún onílé. Bí oníṣòwò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì àti àga, kò yẹ kó ṣe kéré sí i fún ìwé owó tó fi ń jẹun.