Pákó Àtijọ́ fún Abà Inú Ọgbà

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá wó ilé àtijọ́, ẹ má ṣe fi gbogbo pákó rẹ̀ dáná. Ìrókò tí ó ti gbé òrùlé fún ọdún pípẹ́ ṣì lè di abà kékeré nínú ọgbà, níbi tí a ó máa kó ọkọ́ àti àdá sí. Ó ti gbẹ tán. Kì í sábà wọ́ mọ́ bíi pákó tútù tí à ń fi owó ńlá rà.

Ìṣó ni kí a kọ́kọ́ yọ. Nígbà tí a bá rí àwọn ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lórí òkìtì pákó, ọkàn wa kì í balẹ̀. Ọgbẹ́ ìṣó máa ń jìn, ẹnu rẹ̀ a sì tètè dí. Inú irú rẹ̀ ni kòkòrò tétanos ti ń rí àyè, àrùn tí ń mú àgbọ̀n le, tí ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Epo gbígbóná kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ẹ fi òòlù kan pákó: bí ó bá dún bí agbè òfìfo, ikán ti wọ̀ ọ́. Ìrókò pàápàá, ikán a máa jẹ apá funfun tí ó sún mọ́ èèpo. Ẹ gé e dànù. Ẹ má ri òpó mọ́lẹ̀, orí òkúta ni kí ó dúró, kí ẹ sì kan pákó dídagun mọ́ ọn nítorí ìjì.

Àjẹkù pákó tí a ti kùn ní ọ̀dà láyé àtijọ́ kò yẹ fún iná oúnjẹ. Òjé lè wà nínú ọ̀dà náà, àwọn ọmọdé ni èéfín rẹ̀ sì ń ṣe ní jàǹbá jù.