Ilé ń jó, olè ń jà: ẹ yéé ṣe fáànù àwọn tó ń du yìnyín

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pín ara yín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ Greenland, tí àwọn kan ń kígbe Trump, tí àwọn kan ń kígbe Putin, bíi pé Arsenal àti Chelsea ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ariwo. Ìwó ni mo wà, òkun ò sí nítòsí mi. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, ó sì kàn ẹ́. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

2/ Kí ni wọ́n ń jà sí gan-an? Òkun tí yìnyín bò ló wà ní òkè téńté ayé. Ayé ń gbóná, yìnyín yẹn ń yọ́, ibi tí ọkọ̀ ò lè gbà tẹ́lẹ̀ ti ń ṣí sílẹ̀. Ní 2008, àjọ tó ń wádìí ilẹ̀ l'Amẹ́ríkà fojú bù ú pé nínú epo rọ̀bì tí aráyé ò tíì rí, ìdá 13 nínú 100 wà lágbègbè yẹn. Ti gáàsì jẹ́ ìdá 30. Ẹ ti wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

3/ Ní oṣù kẹjọ 2007, Rọ́ṣíà rán ọkọ̀ abẹ́ omi lọ gbin àsíá sí ìsàlẹ̀ òkun níbẹ̀, ó jìn ju mítà 4,000 lọ. Ní 2018, Ṣáínà tí ilẹ̀ rẹ̀ ò débẹ̀ rárá kéde pé ìtòsí ibẹ̀ lòun ń gbé. Ní 2019, Trump fẹ́ ra Greenland. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n bi í bóyá kò ní lo ológun, ó kọ̀, kò ṣèlérí.

4/ Àwọn tó ni Greenland ńkọ́? Wọ́n tó ẹgbẹ̀rún 57, Inuit ló pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo wọn ò tó èèyàn tó wà n'Ìwó. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, àbí?

5/ Nígbà tí Rọ́ṣíà gbin àsíá yẹn, mínísítà Kánádà bínú, ó ní ọ̀rúndún 15 kọ́ la wà. Ọ̀rúndún 15 kẹ̀? Ó jìnnà sí wa. Tiwa ò tíì tó igba ọdún. Ní 6 oṣù kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú tọwọ́ bọ̀wé, Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun Prometheus sì wà lórí ọ̀sà. Ní 1884 sí 1885 wọ́n jókòó ní Berlin, kò sí aláwọ̀ dúdú kan níbẹ̀. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Títí dòní, ará Kétu tó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ n'Ímẹ̀kọ á kọjá bọ́dà.

6/ Èyí tó wá ń dùn mí jù rèé: epo tí wọ́n sun ló ń yọ́ yìnyín. Ní báyìí tó ń yọ́, wọ́n ń sáré lọ wa epo tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ilé ń jó, olè ń jà. Àmọ́ olè yìí gan-an ló dáná sun ilé.

7/ Omi yẹn ń lọ síbo? Fi yìnyín sínú ife sóbò. Èyí tó ti wà nínú ife, bó bá yọ́, ife ò ní kún sí i. Àmọ́ bó o bá tún da òmíràn sí i látìta, á kún. Yìnyín Greenland, orí ilẹ̀ ló wà, ìta ife nìyẹn. Bí gbogbo ẹ̀ bá yọ́, òkun á ga ju mítà 7 lọ. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan o. Díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

8/ Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará Ayétòrò, ní Ìlàjẹ, Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ń fi ṣe àpẹẹrẹ ìlú aláyọ̀. Òkun ti gbé ilé lọ, ó ti gbé ojú oórì lọ. Yìnyín nìkan kọ́ ló fà á, epo tí wọ́n ń wà lágbègbè náà wà lára ohun tí wọ́n ń dárúkọ. Ṣé ẹ rí i? Epo níbí, epo lọ́hùn-ún, ará Ayétòrò ló ń kẹ́rù.

9/ Ẹnì kan á ní, "Ebi ń pa wá, ò ń sọ̀rọ̀ yìnyín." Ọ̀rẹ́ mi, bí Èkó bá kún fómi, níbo ni ọmọ Ìwó tó ń tajà níbẹ̀ á ti máa fowó ránṣẹ́ sílé? Ọ̀rọ̀ ebi náà ni mò ń sọ.

10/ Ẹlòmíì á ní, "Ṣebí àwa náà ń tà epo." Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká lẹ́nu ńbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ayé náà ní yìnyín tiẹ̀, Antarctica. Orílẹ̀-èdè 12 ló tọwọ́ bọ àdéhùn ẹ̀ ní 1959, South Africa nìkan ló wá láti Áfíríkà. Àdéhùn 1991 ní kí ẹnikẹ́ni má wa kùsà níbẹ̀, àmọ́ lẹ́yìn 2048 wọ́n lè ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Orílẹ̀-èdè èyíkéyìí nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló lè wọlé. Nàìjíríà ò tíì wọlé. Ta ló dì wá lọ́wọ́?

11/ Nítorí náà: kí ìjọba wọnú àdéhùn yẹn. Kí wọ́n fi ohun tó lè dá òkun dúró sí Ayétòrò. Kí ìwọ náà bi aṣòfin rẹ ní ìbéèrè méjèèjì, dípò kó o máa bá Trump àti Putin pàtẹ́wọ́.

12/ Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò burúkú, tá ò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Àwọn wọ̀nyí ò tiẹ̀ tíì jẹun tán, Ayétòrò ò sì rí oorun sùn mọ́. Ẹ pín in kó lè dé etí àwọn fáànù yòókù.