Ta Ló Ní Yorùbá Ò Lè Balẹ̀ sí Mars?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ń gbọ́ ṣáá ní College Park níbí, lẹ́nu àwọn òbí tó jẹ́ Yorùbá bíi tèmi: "Yorùbá dáa fún oríkì àti ìkíni. Ṣùgbọ́n sáyẹ́ǹsì? Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn jàre." Irọ́ ni o.

Tọ̀sán-tòru ni bàálù ń kọjá lórí òrùlé wa, tí wọ́n ń lọ balẹ̀ ní Hartsfield-Jackson. Bí ọmọ bá wá bi yín pé báwo ni ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ṣe ń balẹ̀ sí Mars, kí lẹ máa sọ?

Ẹ sọ fún un pé awakọ̀ bàálù ń bá àwọn tó wà nílẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ti Mars ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2021 tí Perseverance balẹ̀ sí Jezero, ìròyìn rẹ̀ ń lo ìṣẹ́jú 11 kó tó dé ayé, bẹ́ẹ̀ ìbalẹ̀ náà ò ju bí ìṣẹ́jú 7 lọ. Kí wọ́n tó gbọ́ pé ó wọ afẹ́fẹ́ Mars, ó ti gúnlẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ro gbogbo ẹ̀ tán kó tó kúrò nílé.

Eré bíi 20,000 kìlómítà ní wákàtí kan ló bá wọlé. Asà abẹ́ rẹ̀ gba ooru sára. Agboòrùn tó fẹ̀ tó mítà 21.5 dín eré kù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, agboòrùn nìkan ò tó. Kámẹ́rà fi ilẹ̀ wé máàpù tó gbé dání, kó lè yàgò fún àpáta. Rọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ gbé e dúró, okùn sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ní 1999, Mars Polar Lander sọnù. Ohun tí àwọn olùwádìí gbà pé ó ṣeé ṣe jù ni pé, bó ṣe na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà gbọ̀n. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ rò pé òun ti kanlẹ̀, ló bá pa ẹ́ńjìnì lókè.

Èwo ni ò yé yín níbẹ̀? Ẹ ní mo yá kámẹ́rà lò? Gẹ̀ẹ́sì náà yá a lọ́wọ́ Látìn, kò sì tijú.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ọmọ tẹ́ ẹ sọ fún pé Yorùbá ò gba ìmọ̀, ojú wo ló máa fi wo ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tí ò gbọ́ èdè míì? Ẹ dá ọmọ yín lóhùn, ní Yorùbá.